Ta Ni Ó Ń Bá Ọmọ Sọ̀rọ̀? Èrò Lórí Àwòrán Ẹ̀fẹ̀ Nínú Ìpolówó Ìpápánu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí á gba ọ̀rọ̀ òun gbọ́ ní láti jẹ́ kí á rí ojú òun, kí ó lè jẹ́ pé bí irọ́ bá wà níbẹ̀, ìtìjú yóò rí ibi bà sí. Kí ni kí á wá wí nípa ojú tí ayàwòrán yà sí ara páálí, tí ó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọdé láti àárọ̀ di alẹ́, tí ó sì ń sọ fún un pé kí ó jẹ èyí, kí ó má jẹ tọ̀hún? Ojú wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tí ó ni ojú ni a kò rí.

Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan létí ẹlòmíràn. Yóò ní eré ọmọdé ni àwòrán ẹ̀fẹ̀, àti pé ẹ̀pà, bisikíìtì àti àgbàdo díndín kì í ṣe ohun tí ọlọ́gbọ́n ń tìtorí rẹ̀ jókòó ronú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń múra láti di olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ fojú tín-ín-rín wo ohunkóhun tí ó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ kí olùkọ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni èyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ọlọ́jà gba ẹnu ẹ̀dá tí kò sí láyé bá ọmọ tí kò tíì mọ ìyàtọ̀ láàárín eré àti òwò sọ̀rọ̀? Kí á tó dáhùn, ó yẹ kí á mọ bí àṣà náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti gbilẹ̀ jù lọ.

Ní ọdún 1906, àwọn ará Ítálì méjì tí wọ́n ṣí wá sí Amẹ́ríkà, Amedeo Obici àti Mario Peruzzi, dá ilé-iṣẹ́ ẹ̀pà kan sílẹ̀ ní ìlú Wilkes-Barre ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Planters ni wọ́n pè é. Ẹ̀pà yíyan kì í ṣe ohun tuntun nígbà náà. Ẹni tí ó bá ní iná lè yan án, ẹni tí ó bá ní ẹsẹ̀ sì lè kiri rẹ̀. Ìṣòro tí ó wà níwájú Obici ni pé ẹ̀pà kò ní orúkọ. Ẹ̀pà tirẹ̀ àti ti ẹlòmíràn, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ẹni tí ń jẹ wọ́n. Ní ọdún 1916, ilé-iṣẹ́ náà gbé ìdíje kalẹ̀ pé kí àwọn ènìyàn ya àmì tí yóò máa dúró fún ẹ̀pà Planters. Ọmọ ilé-ìwé kan tí ń jẹ́ Antonio Gentile, tí ó ń gbé ní Suffolk ní ìpínlẹ̀ Virginia, ni ó borí. Ó ya odidi ẹ̀pà tòun ti èèpo, ó fún un ní apá àti ẹsẹ̀, ó sì mú kí ó máa ṣe bí ènìyàn. Dọ́là 5 ni ẹ̀bùn rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ayàwòrán tí ìpolówó jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ gba àwòrán náà. Ó dé e ní fìlà dúdú gíga, ó fi díńgí sí ojú rẹ̀ kan, ó sì fi ọ̀pá ìtilẹ̀ lé e lọ́wọ́. Báyìí ni ẹ̀pà tí ọmọ yà ṣe di ọ̀gbẹ́ni ọlọ́lá, Mr. Peanut. Ó dára kí á dúró díẹ̀ níbí yìí. Ọmọ ni ó fún un ní ẹ̀mí. Àgbà ni ó wọ̀ ọ́ láṣọ. Nínú ẹ̀pà tí ń rìn, ẹ̀tàn kò sí, nítorí pé bí ọmọdé ṣe máa ń wo ayé nìyẹn: òkúta lè sọ̀rọ̀, ìkòkò lè bínú. Fìlà àti díńgí ni wọ́n mú ẹ̀tàn wọlé, nítorí wọ́n ń sọ láìlanu pé ìpápánu olówó péréte yìí jẹ́ oúnjẹ àwọn ọlọ́rọ̀. Kí á má sì fi àbòsí bọ ìtàn náà: Gentile di dókítà oníṣègùn nígbà tí ó dàgbà, àwọn ẹbí rẹ̀ sì jẹ́rìí pé Obici lọ́wọ́ nínú owó ilé-ìwé tí ó lọ. Oníṣòwò lè jẹ́ ènìyàn rere. Kì í ṣe ìwà Obici ni ó wà lórí àtẹ níbí.

Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tẹ̀lé e. Ní ọdún 1933, Vernon Grant ya àwọn iwin kéékèèké mẹ́ta, Snap, Crackle àti Pop, fún ìrẹsì gbígbẹ ilé-iṣẹ́ Kellogg. Nígbà tí tẹlifíṣàn wọ ilé àwọn ará Amẹ́ríkà, àwòrán tí ó ti yadi lára páálí gba ohùn. Tony the Tiger dé ní ọdún 1952 láti polówó àgbàdo oníṣúgà; ehoro Trix dé ní ọdún 1959. Oúnjẹ àárọ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ pe ọjà wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń fi ọwọ́ bù ú jẹ láti inú páálí ní ọ̀sán gangan mọ̀ pé ìpápánu ni. Ní ọdún 1968 ni ilé-iṣẹ́ Keebler sọ fún àwọn ọmọ pé àwọn iwin ni wọ́n ń yan bisikíìtì àwọn nínú igi oníhò. Ọmọ Yorùbá tí ó ti gbọ́ ìtàn iwin inú ìrókò yóò mọ̀ pé bisikíìtì kọ́ ni a máa ń lọ béèrè lọ́wọ́ irú wọn. Síbẹ̀, ẹ wo iṣẹ́ tí igi náà ń ṣe. Òṣìṣẹ́ tí ń làágùn nídìí ààrò, àpò ṣúgà, ọkọ̀ akẹ́rù, ìwé èrè àti àdánù: gbogbo wọn wọ inú igi lọ, a kò sì rí wọn mọ́.

Ìtàn tí ó burú jù nínú gbogbo wọn ni ti Fritos, ìpápánu tí a fi àgbàdo lílọ̀ dín. Ní ọdún 1932, ní ìlú San Antonio ní ìpínlẹ̀ Texas, Charles Elmer Doolin ra ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é lọ́wọ́ ará Mexico kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gustavo Olguin. Dọ́là 100 ni ó san. Ọdún 35 lẹ́yìn èyí, ní 1967, ilé-iṣẹ́ Frito-Lay gbé ẹ̀dá àwòrán kan jáde tí wọ́n pè ní Frito Bandito: ará Mexico onírunmú gígùn, tí ó dé àkẹtẹ̀ ńlá, tí ó so ìbọn mọ́ ìdí, tí ó sì ń fi ohùn yẹ̀yẹ́ kọrin pé Fritos àwọn ènìyàn ni òun ń wá gbà. Mel Blanc, ẹni tí ó fọhùn fún Bugs Bunny, ni ó fọhùn fún un. Ẹni tí ó ni àgbàdo wá di olè àgbàdo. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà tí ìran wọn ti Mexico wá fi ẹ̀hónú hàn pé àwòrán yìí ń kọ́ àwọn ọmọ láti fojú olè wo ènìyàn àwọn, ilé-iṣẹ́ náà kọ́kọ́ yọ eyín wúrà ẹnu rẹ̀, wọ́n sì fá irùngbọ̀n rẹ̀, bí ẹni pé irùngbọ̀n ni ẹ̀ṣẹ̀. Ọdún 1971 ni wọ́n tó gbé e kúrò pátápátá.

Níbi tí a dé yìí, ẹlòmíràn yóò ní ìpolówó kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni olóúnjẹ ti ń kiri, tí ó ń fi ohùn dídùn pe oníbàárà, tí ó sì ń yin ẹ̀kọ, ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Kò sí ẹni tí yóò gbé ọjà lérí tí yóò máa kéde pé ọjà òun kò dùn. Àbùmọ́ jẹ́ ara iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó ń polówó ẹ̀pà ní òpópónà ni ó yan ẹ̀pà náà fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti bu, ìyá ọmọ mọ ojúlé tí ó ń gbé. Ọmọ tí inú run lánàá lè nawọ́ sí i lónìí pé, "Ìyá Ẹlẹ́pà nìyẹn." Ohùn rẹ̀ kò lè rìn ju ibi tí ara rẹ̀ lè dé lọ, nítorí náà ohun tí ó ń tà àti ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ jọ ń kiri ni. Àbùmọ́ rẹ̀ ní olówó. Ẹni tí yóò san án padà wà lábẹ́ igbá.

Ẹ fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Mr. Peanut ní ọdún 2020. Ní oṣù kìíní ọdún náà, àwọn tí wọ́n ni Planters nígbà yẹn ṣe ìpolówó kan, wọ́n sì kéde pé Mr. Peanut ti kú ní ẹni ọdún 104. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 26 oṣù náà, ọkọ̀ òfuurufú kékeré já, ó sì pa Kobe Bryant, gbajúmọ̀ eléré bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, àti ọmọbìnrin rẹ̀ pẹ̀lú àwọn méje mìíràn. Ilé-iṣẹ́ náà sáré dá ìpolówó ikú náà dúró fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé ikú gidi ti dé, ikú àwàdà kò sì lè jókòó tì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọjọ́ 2 oṣù kejì, lásìkò ìdíje bọ́ọ̀lù tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi hàn pé ẹ̀pà náà ti tún ayé wá gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ọwọ́. Ẹni tí ó lè kú lọ́jọ́ tí ọjà bá fẹ́, tí ó sì lè jí lọ́jọ́ tí ọjà bá tún fẹ́, kí ni ìtìjú lè fi ṣe? Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí wà. Kì í ṣe pé ẹ̀dá àwòrán ń purọ́ ju ènìyàn lọ. Ohun tí ó burú ni pé bí ó bá purọ́, kò sí ẹni tí ọmọ náà lè nawọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ náà díjú díẹ̀ nígbà tí a bá mẹ́nu kan àlọ́. Nínú àlọ́ Yorùbá, ẹranko ń sọ̀rọ̀, ọmọdé sì ń gbọ́, kò sì sí ẹni tí ó pe ìyá àgbà ní ẹlẹ́tàn. A tilẹ̀ lè sọ pé ehoro Trix jọ Ìjàpá: ojoojúmọ́ ni ó ń pète bí yóò ṣe rí Trix jẹ, ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ sì ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Chester Cheetah, ẹranko onídíńgí dúdú, ìbátan ẹkùn, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í polówó Cheetos ní ọdún 1986, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀: ó ń lé Cheetos kiri, kì í sì í bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìjákulẹ̀ ni ìpín àwọn méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí ti Ìjàpá. Kí ni ìyàtọ̀, nígbà náà? Ìyàtọ̀ ni pé Ìjàpá ń jìyà nítorí ọ̀kánjúwà rẹ̀, kí ọmọ tí ń gbọ́ àlọ́ lè bẹ̀rù ọ̀kánjúwà tirẹ̀. Ehoro ń jìyà kí ọ̀kánjúwà ọmọ lè pọ̀ sí i. Ohun tí ẹranko ń sunkún lé lórí, tí ó sì wà lọ́wọ́ ọmọ, kò sí bí kò ṣe ní dùn. Ní ọdún 1976, ilé-iṣẹ́ náà ní kí àwọn ọmọ dìbò bóyá kí ehoro jẹ Trix tàbí kí ó má jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ dìbò pé kí ó jẹ ẹ́. Àánú ni ó ṣe wọ́n. Ìwà rere ni àánú, a sì rí bí wọ́n ṣe fi ìwà rere náà ta ọjà.

Àwọn kan yóò béèrè ẹ̀rí pé àwòrán ń ṣiṣẹ́ lára ọmọ. Ní ọdún 2010, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ọmọdé tí ń jẹ́ Pediatrics tẹ ìwádìí kan jáde tí àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Yale ṣe. Wọ́n fún ọmọ 40, ẹni ọdún 4 sí 6, ní bisikíìtì, àdídùn àti kárọ́ọ̀tì. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà di ọ̀kọ̀ọ̀kan: èkínní ní àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí àwọn ọmọ mọ̀, èkejì kò ní. Oúnjẹ kan náà ni. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ní bisikíìtì àti àdídùn tí ó ní àwòrán dùn ju èyí tí kò ní lọ. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn páálí rẹ̀ nìkan. Ahọ́n wọn ni ó jẹ́rìí. Ti kárọ́ọ̀tì kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ṣáájú èyí, ní ọdún 1991, àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà ti fi hàn pé bí ọmọ ọdún 6 bá jẹ́ 100, bí 91 nínú wọn mọ̀ pé sìgá ni ràkúnmí tí wọ́n ń pè ní Joe Camel ń polówó, ìyẹn ni pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n tó bí wọ́n ṣe mọ Mickey Mouse. Ọdún 1997 ni wọ́n tó yọ ràkúnmí náà kúrò nílé ìpolówó. Sìgá kì í ṣe ìpápánu, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni ó kọ́ni: ọmọ kò níláti lówó lọ́wọ́ kí ọlọ́jà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a dọ́rẹ̀ẹ́.

Àwíjàre tí ó lágbára jù lọ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ní ni pé bàbá àti ìyá ni wọ́n ń sanwó, nítorí náà àwọn ni kí wọ́n máa sọ pé rárá. Èyí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Òbí tí kò lè sọ pé rárá fún ọmọ rẹ̀, ó ní ìyà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àmọ́ ìjà náà kò dọ́gba. Ẹni kan ṣoṣo ni ìyá jẹ́, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ láti ibi iṣẹ́. Nílé-iṣẹ́ ìpolówó, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó yí tábìlì ká láti wá bí ẹkún ọmọ yóò ṣe borí rẹ̀. Ní ọdún 1978, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí ń mójú tó òwò dá a lábàá pé kí wọ́n fòfin de ìpolówó orí tẹlifíṣàn tí a darí sí àwọn ọmọ tí kò tíì lè mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n ń ta ọjà fún wọn. Ariwo ta. Ìwé ìròyìn Washington Post fi àjọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó fẹ́ sọ ara rẹ̀ di olùtọ́jú ọmọ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1980 àwọn aṣòfin gé àjọ náà lápá, nígbà tí ó sì di ọdún 1981 ó pa àbá náà tì. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà gbà nínú ìwé ìkẹyìn wọn pé òótọ́ ni pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 kò lè mọ ète ìpolówó. Wọ́n kàn ní kò sí ọ̀nà tí ó rọrùn láti dáàbò bò ó ni.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ dé ilé. Olùkọ́ náà ń lo àwòrán. Ajá tí ó wà nínú ìwé kíkà ọmọ kò sí láyé bí Tony the Tiger kò ṣe sí, olùkọ́ tí ó bá sì mọṣẹ́ yóò mú kí ajá náà gbó, kí àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, kí wọ́n lè fi ẹ̀rín gba lẹ́tà mọ́ra. Ṣé a lè dá ọlọ́jà lẹ́bi kí á sì dá olùkọ́ láre? Àwọn kan á ní ohun tí a fi àwòrán tà ni ó ṣe pàtàkì, pé bí ó bá jẹ́ ẹ̀fọ́ ni, kò sí ohun tí ó burú. Wọ́n á tọ́ka sí Popeye, ọkọ̀ojú-omi atukọ̀ tí E. C. Segar dá sílẹ̀ ní ọdún 1929, tí àwọn àgbẹ̀ ẹ̀fọ́ ní Crystal City ní Texas gbé ère rẹ̀ dúró ní ọdún 1937 nítorí pé ó ń jẹ ẹ̀fọ́ wọn. Ìdáhùn yìí dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹni tí ó fi ẹ̀tàn mú ọmọ jẹ ẹ̀fọ́ ti ṣe ara ọmọ náà lóore. Ojú-inú rẹ̀ wà níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀.

Ìyàtọ̀ tí ó dájú wà níbòmíràn. Olùkọ́ ń fẹ́ kí ọmọ dàgbà ju àwòrán lọ. Bí ọmọ bá ti lè ka "ajá" láìrí ajá, inú olùkọ́ a dùn, a sì ṣí ojú-ewé tí kò ní àwòrán. Ọlọ́jà kò fẹ́ kí ọjọ́ yẹn dé. Ète rẹ̀ ni pé kí ọmọ gbé ọ̀rẹ́ náà dàgbà, kí ó sì fi lé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́. Bákan náà, ọmọ lè béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, èéṣe?" Olùkọ́ tí kò bá mọ ìdáhùn yóò ní láti dúró níwájú kíláàsì pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ṣé ó wá tó láti yọ àwòrán kúrò lára páálí? Kò tó, nítorí ṣúgà yóò ṣì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ó kéré tán, páálí yóò jẹ́ páálí, kò ní máa ṣe bí ẹni pé ọ̀rẹ́ ni.

Àwọn ìjọba kan ti gbìyànjú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Quebec ní ilẹ̀ Kánádà fòfin de ìpolówó ọjà tí a darí sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1980. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan tí ń ṣe nǹkan ìṣeré pè é lẹ́jọ́, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Kánádà dá ìjọba láre ní ọdún 1989. Ní Chile, òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2016 pàṣẹ pé kí oúnjẹ tí ṣúgà, iyọ̀, ọ̀rá tàbí agbára inú rẹ̀ bá pọ̀ jù máa gbé àmì dúdú oníhà mẹ́jọ, kí ó má sì lo àwòrán ẹ̀fẹ̀ láti fa ọmọdé mọ́ra. Tony the Tiger kúrò lára páálí. Kellogg gba ilé-ẹjọ́ lọ, PepsiCo tí ó ni Cheetos náà sì lọ. Ohun tí wọ́n wí níbẹ̀ ni pé dúkìá àwọn ni àwọn àwòrán wọ̀nyí, àti pé ìjọba kò ní ẹ̀tọ́ láti gba dúkìá lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń sọ fún àwọn ọmọ pé ọ̀rẹ́ wọn ni ẹkùn náà. Iwájú adájọ́ ni wọ́n ti pè é ní dúkìá. Ní ọdún 2021, Mexico, ilẹ̀ Gustavo Olguin, ṣe irú òfin kan náà fún oúnjẹ tí ó bá gba àmì dúdú, Chester Cheetah sì kúrò lára ọ̀rá Cheetos níbẹ̀.